Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Egungun Nọ́ńbà 27

Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ni mí, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé láti ọdún 2009. Àwọn ìbejì wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó ìtàn àwọn dáínásọ̀, ìyẹn àwọn ẹranko ràbàtà ayé àtijọ́. Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, a lọ sí ọjà kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù ní ìta gbangba, a sì bá bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó pàtẹ oríṣiríṣi òkúta. Ó ní ẹrù ẹ̀gbọ́n òun tó ti di olóògbé ni. Egungun kan tó ti di òkúta wà láàárín wọn, àwọn ọmọ sì kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ láìrà á. 60 pọ́ùn ni mo san.

Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, ó fẹ̀ tó 8, ó sì wúwo ju kílò kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Ó pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n sun, ó sì dúdú láwọn ibì kan. Ìwé pélébé kan bá a wá, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé egungun dáínásọ̀ ni, láti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tún fi tàdáwà dúdú kọ nọ́ńbà 27 sí abẹ́ egungun náà fúnra rẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi sọ pé òkúta lásán ni, pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní kí n fi ahọ́n kàn án, pé bí ó bá lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n, egungun gidi ni. Amọ̀ ṣì wà nínú àwọn ihò rẹ̀, mo sì ti ń múra àtifi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó lè dùn ún wò.

À ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara wọn kan ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Ǹjẹ́ egungun ni lóòótọ́? Ǹjẹ́ ti dáínásọ̀ ni? Ǹjẹ́ mo lè sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé láti Utah ló ti wá?

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kí n tó dáhùn ìbéèrè kankan, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ yẹn sílẹ̀. Amọ̀ díẹ̀ tó há sínú ihò egungun yẹn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù tó mọ ibi tí wọ́n ti wú u jáde, bí ẹ bá sì ti fọ̀ ọ́ dànù, kò sí onímọ̀ tó lè dá a padà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ bi mí, wọn kò sì le bákan náà. Bóyá egungun ni tàbí kì í ṣe egungun, ẹ̀yin fúnra yín lè dáhùn ìyẹn nínú ilé yín lálẹ́ òní. Bóyá ti dáínásọ̀ ni, ìyẹn ṣòro, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ so mọ́ ìbéèrè kẹta, ibi tó ti wá, èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ́ egungun ẹsẹ̀ màlúù rí láti fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ ti mọ ohun tí a ń wá. Ìta egungun ki, ó sì le, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sún mọ́ oríkèé, inú rẹ̀ a máa rí bíi kànìnkànìn, ihò wẹ́wẹ́ tó wọnú ara wọn lọ. Nígbà tí ẹranko kan bá kú, tí ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó tó jẹrà tán, omi abẹ́ ilẹ̀ tó ru èròjà òkúta a máa wọ inú àwọn ihò wọ̀nyí, èròjà náà a sì máa dì síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi kún. Ìdí nìyẹn tí egungun tó ti di òkúta, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fọ́sìlì, fi máa ń wúwo ju egungun tútù lọ, síbẹ̀ tí ìrísí kànìnkànìn yẹn kì í parẹ́. Ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ìlọ́po 10, kí ẹ fi omi díẹ̀ pa ojú ibi tó ti ṣẹ́ lára, níbi tí kò sí amọ̀, kí ẹ sì wò ó lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dára. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí òkúta aláwọ̀ mìíràn dí, tí ìpele kan tó ki sì yí wọn ká, egungun ni. Igi tó di òkúta a máa ní ìlà tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ti ìtì igi tí a fi ayùn gé. Òkúta lásán tó kàn ṣe bí egungun lójú, bákan náà ni inú rẹ̀ máa ń rí látòkèdélẹ̀, kò ní ìpele, kò ní ihò tó létò. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn òbí gẹ́gẹ́ bí ẹyin dáínásọ̀ kò ju irú òkúta bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́ rárá. Irin inú omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ egungun di pupa, èròjà tí wọ́n ń pè ní manganese ló sì ń sọ ọ́ di dúdú. Egungun ẹranko tó kú ní ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀ sẹ́yìn lè dúdú ju ti dáínásọ̀ lọ.

Ní ti fífi ahọ́n kàn án, lóòótọ́ ni pé àwọn tó ń wá egungun nínú aṣálẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn a máa fa omi ẹnu mọ́ra. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta mìíràn wà tó ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, egungun tí èròjà dídán ti dí ihò rẹ̀ pátápátá kì í sì í lẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Èyí tó kàn mí jù ni pé egungun láti ìhà Utah àti Colorado máa ń ní uráníọ́mù, èròjà tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, nínú nígbà mìíràn, nítorí pé inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń wa uráníọ́mù. Gbígbé ẹyọ kan lọ́wọ́ kì í pani lára, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àyà yín já. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sẹ́nu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí lọ̀ ọ́ kí eruku rẹ̀ má bàa wọ imú, kí àwọn ọmọ sì máa fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbá a mú.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán ju ti ahọ́n lọ ni ti abẹ́rẹ́. Kí àgbàlagbà fi iná sun orí abẹ́rẹ́ kan títí yóò fi pọ́n, kí ó sì fi kan ibi tó pamọ́ lára egungun náà. Bí ó bá ń rùn bí irun tó jóná, egungun tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ ni, nítorí pé ara ẹran ṣì kù nínú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ra nǹkan ní ìlú ọba, nítorí pé àwọn ọkọ̀ apẹja tó ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ Òkun Àríwá máa ń kó egungun erin onírun ìgbà òtútù ńlá sókè, egungun tó dúdú, tó wúwo, tí ojú tí kò mọ̀ ọ́n sì lè pè ní ti dáínásọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn dáínásọ̀ ńlá ti kú tán láti nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá ń rùn bí ọ̀rá tàbí ike tó jóná, àtòpọ̀ ni, tàbí kẹ̀ wọ́n ti fi gúlù tún un ṣe. Bí kò bá rùn rárá, òkúta ni, yálà òkúta tó ti jẹ́ egungun rí tàbí èyí tí kò jẹ́ egungun rí, awò yín yóò sì parí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé egungun ni. Ta ló ni egungun náà? Bí ó bá jẹ́ pé odindi ni, tí oríkèé rẹ̀ ṣì wà, onímọ̀ lè fi ìrísí oríkèé náà mọ irú ẹranko tó ni ín. Ṣùgbọ́n abala kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, tó ti ṣẹ́ lọ́tùn-ún tó ṣẹ́ lósì, kì í sábà ní ìlà ìdílé lójú. Ohun tó kù ni kí a bi ilẹ̀ tó ti wá léèrè irú àwọn ẹranko tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé egungun dáínásọ̀ ni, pé láti Florida ló ti wá, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ tó wà lókè ní Florida kéré lọ́jọ́ orí ju ìgbà ayé wọn lọ, àwọn egungun tó ki dan-in dan-in tí wọ́n ń rí níbẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ egungun ìhà àwọn ẹran omi tó ń jẹ koríko. Lóṣù tó kọjá, òǹkàwé wa kan ní Lomé fi àwòrán eyín kan ránṣẹ́ tí wọ́n tà fún un gẹ́gẹ́ bí eyín dáínásọ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní Hahotoé, ní Tógò. Eyín ẹja ekurá ni, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun ni ilẹ̀ yẹn nígbà tí ekurá náà ń wẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún lẹ́yìn tí dáínásọ̀ ti kógbá sílé.

Utah yàtọ̀. Ìpele òkúta kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Morrison, orúkọ ìlú kékeré kan ní Colorado. Ó tẹ́ láti Utah àti Colorado títí dé Wyoming àti Montana, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 150 mílíọ̀nù ọdún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti wú àwọn dáínásọ̀ bí Allosaurus, Stegosaurus àti Diplodocus. Ọ̀nì àti ìjàpá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi, tó fi jẹ́ pé bí egungun bá nípọn tó tiyín, tó sì jẹ́ pé inú ìpele Morrison ló ti jáde lóòótọ́, agbára káká ni yóò fi jẹ́ ti ẹranko mìíràn tí kì í ṣe dáínásọ̀. Ẹ rí i pé orí ọ̀rọ̀ náà, „lóòótọ́", ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó fi hàn yín ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ nítorí amọ̀. Ní ọdún 1915, onímọ̀ ará Jámánì kan, Ernst Stromer, kọ̀wé nípa dáínásọ̀ kan tí wọ́n rí egungun rẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì sọ ọ́ ní Spinosaurus. Mùsíọ́ọ̀mù kan ní Munich ni wọ́n kó egungun náà sí, bọ́ǹbù sì run ún níbẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 1944. Láti ìgbà náà, àwòrán àti ìwé nìkan ló kù. Ní ọdún 2008, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan, Nizar Ibrahim, ará Jámánì tó tan mọ́ Mòrókò, wà ní ìlú Erfoud létí aṣálẹ̀ Sàhárà, nígbà tí ọkùnrin onírùngbọ̀n-imú kan gbé páálí kan wá fún un, tí egungun tí amọ̀ bò wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pẹlẹbẹ bí abẹ idà, ìlà pupa kan sì la àárín rẹ̀ já níbi tó ti ṣẹ́. Ó gbà á, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ní ọdún kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù Milan ní Ítálì fi egungun kan hàn án tó ti ọwọ́ àwọn oníṣòwò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojúkò tí wọ́n ti wú u. Ó rí ìlà pupa kan náà, ó sì rí irú amọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ẹranko kan ṣoṣo ni páálí Erfoud àti egungun Milan, pé Spinosaurus ni.

Ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ọkùnrin onírùngbọ̀n-imú náà. Ní ọdún 2013, ó padà sí Erfoud láti wá ẹni tí kò lórúkọ, wíwá náà sì ti fẹ́ já sí òfo nígbà tí ọkùnrin náà kọjá níwájú ilé tíì tí wọ́n jókòó sí. Ó mú wọn lọ sí ihò tó ti gbẹ́ egungun náà, wọ́n sì tún rí àwọn àjákù tó ṣẹ́kù níbẹ̀, tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2014, egungun náà sì ti padà sí yunifásítì kan ní Casablanca. Bí ẹnì kan bá ti fi ọṣẹ fọ ti Milan mọ́ tónítóní, tàbí kí ó fi ọ̀dà kùn ún kó lè tà, ẹ̀rí mélòó ni ì bá kù?

Ìyá Ìbejì, nọ́ńbà 27 yẹn ló jẹ́ kí n máa fi ìdùnnú kọ ìdáhùn yìí. Ẹni tó bá fi tàdáwà kọ nọ́ńbà sára egungun kì í ṣe oníṣòwò ọjà àlòkù. Ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ni, ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní ìwé kan tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀ nínú. Ẹ padà lọ bá bàbá yẹn kí ọjà tó tú pátápátá, kí ẹ fi sùúrù bi í bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìwé kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán egungun náà láti gbogbo ìhà, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ sì ya ibi tó ti ṣẹ́ ní àyàsúnmọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù tó ń rí sí ohun àdáyébá ní South Kensington. Wọn kò ní bá yín díye lé e, iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn.

Lẹ́tà kejì láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. N kò fọ̀ ọ́. Mo tún rí bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rántí pé ìwé àjákọ kan wà nínú àpótí. Ó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì jẹ́ kí n ya àwòrán ojú ewé náà. Ohun tó wà níwájú nọ́ńbà 27 kò ju ìlà kan lọ: pé egungun ni, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà á ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ọdún 1988, pé ẹni tó tà á fún un sọ pé láti Utah ni. Ọkọ mi ló fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án. Kò rùn níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ní igun kan, ó rùn bí ike. Mo fi àwòrán mẹ́jọ ránṣẹ́. Ṣé ó ti wá dáni lójú báyìí? Ọkọ mi tún ní kí n bi yín bóyá kò lòdì sófin kí irú nǹkan yìí wà lọ́wọ́ wa.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú akitiyan. A ti wo àwòrán mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Egungun ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ìpele tó ki wà ní ìhà kan, àwọn ihò kànìnkànìn sì kún fún òkúta pupa àti dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, irú èyí tí àwọn tó ń fi òkúta ṣe ẹ̀ṣọ́ máa ń wá lójú méjèèjì nínú ìpele Morrison. Amọ̀ tó há sínú ihò rẹ̀ jọ erùpẹ̀ lílẹ̀ aláwọ̀ eérú tó fẹ́ẹ́ rí bí ewé, èyí náà sì bá ìpele yẹn mu. Inú rẹ̀ kò ní ihò gbàgbà kan fún mùdùnmúdùn bíi ti àwọn dáínásọ̀ apẹranjẹ, kànìnkànìn náà ló kún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n sọ èrò mi, mo rò pé abala egungun ọ̀kan nínú àwọn ajewéko ọlọ́rùn gígùn ni. Èrò ni mo pè é. N kò lè dárúkọ ẹranko náà, ẹni tó bá sì fi irú àjákù yìí dárúkọ fún yín lórí àwòrán nìkan, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ìwé àjákọ yẹn ṣeyebíye ju bí ó ṣe rí lójú lọ, ṣùgbọ́n Tucson ni ìtàn rẹ̀ gbé wa dé, kò gbé wa dé ilẹ̀ tí wọ́n ti wú egungun náà. Ọjà òkúta ńlá kan ni wọ́n ń ná níbẹ̀ lọ́dọọdún nígbà òtútù, ibi gbogbo láyé ni ẹrù sì ti ń wá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Utah ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí etí ẹnìkejì, ẹnìkejì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin sì ni ẹ̀kẹta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́, amọ̀ náà sì gbè é lẹ́yìn. Kò tíì di ẹ̀rí. Ilé àyẹ̀wò lè fi èròjà inú egungun wé ti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín níyànjú láti náwó tó ju 60 pọ́ùn lọ lórí egungun 60 pọ́ùn.

Igun tó rùn bí ike yẹn, gúlù ni. Mo rí ìlà tín-ínrín kan nínú àwòrán karùn-ún, ó sì dájú pé ó ṣẹ́ rí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà. Èyí kò ba iyì rẹ̀ jẹ́. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù náà ń lo gúlù. Ohun tó burú ni kí wọ́n lẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé nípa agbárí dáínásọ̀ kan láti ìhà Araripe ní ilẹ̀ Bràsíl, tí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Stuttgart, ní ilẹ̀ Jámánì, rà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó fẹ́ kó wúlò lọ́jà ti fi ohun kan bíi POP tí àwọn oníṣẹ́ ilé wa ń lò fa imú rẹ̀ gùn síwájú. Wàhálà tí èyí kó bá àwọn onímọ̀ náà bí wọn nínú débi pé Irritator ni wọ́n sọ ẹranko náà, ìyẹn amúnibínú. Ìbínú tó tọ́ ni, nítorí pé òfin Bràsíl ti sọ láti ọdún 1942 pé ìjọba ló ni gbogbo irú egungun bẹ́ẹ̀, kò sì sí àkọsílẹ̀ ojúkò kankan tó bá agbárí náà dé Stuttgart.

Ìyẹn ló gbé wa dé ìbéèrè ọkọ yín, ó sì dára tó béèrè. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni egungun tó bá wà nínú rẹ̀, ó sì lè tà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ ní Utah, òfin ọdún 2009 sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wú egungun ẹranko elégungun-ẹ̀yìn níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, òun kò sì gbọdọ̀ tà á. Ẹni tó bá ń tà á lónìí yẹ kó lè dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti wú u àti ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Tiyín kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó fi hàn pé wọ́n jí i, kò sì sí ohun tó fi hàn pé wọn kò jí i. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tún un tà. Ẹ̀bùn tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ ló dára jù. Ẹ mú rìsíìtì tàbí ìwé tí bàbá náà fọwọ́ sí dání, kí ẹ sì bi àwọn aṣọ́bodè léèrè kí ọjọ́ ìrìn àjò tó kò.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa yòókù mọ̀ pé ìwé tó bá ẹrù wá lè purọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, wọ́n ta odindi egungun dáínásọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Tarbosaurus ní gbàǹjo ní New York ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ìwé tó gbé e wọ Amẹ́ríkà sọ pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, pé iye rẹ̀ jẹ́ 15,000 dọ́là. Àwọn onímọ̀ wò ó, wọ́n ní aṣálẹ̀ Gobi ní Mòngólíà ni egungun irú ẹranko yìí tí ń jáde, orílẹ̀-èdè náà sì ti ní òfin lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1924. Ilé ẹjọ́ dá sí i, egungun náà sì padà sílé ní ọdún 2013. Èyí kò jìnnà sí àwa náà. Ní aṣálẹ̀ Ténéré, ní orílẹ̀-èdè Niger tó bá wa pààlà, ni wọ́n ti rí Ouranosaurus, Suchomimus àti Nigersaurus, àwọn dáínásọ̀ tó jẹ́ pé ìtàn ìhà tiwa ní Áfíríkà ni wọ́n ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé egungun „láti Niger" wá fún yín ní ọjà Èkó tàbí ní Kútọnu, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Owó yín ni yóò rán ẹlòmíràn padà lọ gbẹ́ ihò tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ ibi tó wà sílẹ̀.

Ó ku ohun tí ẹ ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ amọ̀ díẹ̀ kúrò nínú ihò kan, kí ẹ kó o sínú ike kékeré tó ní ìdérí, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ tọ́jú ìwé pélébé ìṣáájú, ẹ má jù ú nù nítorí pé ẹ ti rí tuntun. Ẹ tẹ àwòrán ojú ewé ìwé àjákọ náà, kí ẹ fi sínú àpótí kan náà pẹ̀lú egungun. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí sí páálí funfun kan, kí àwọn ìbejì sì fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ bí ó bá ṣeé ṣe:

*Egungun ẹranko ńlá kan tó ti di òkúta. Ó jọ pé ti dáínásọ̀ ni. Nọ́ńbà 27 nínú àkójọ ẹnìkan tó ti di olóògbé. Ó rà á ní Tucson, Arizona, ní ọdún 1988. A rà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á sọ pé láti Utah ló ti wá. A kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n ti fi gúlù lẹ igun kan lára rẹ̀. Díẹ̀ nínú amọ̀ tó bá a wá wà nínú ike yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́.*